Mo fẹ́ dín wákàtí iṣẹ́ mi kù, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti sọ

ÌBÉÈRÈ



Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn NHS kan ní Manchester, ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Ọdún 2022 ni mo wá láti Ìbàdàn, ìparí ọdún yẹn náà ni mo yege nínú ìdánwò OSCE. Band 5 ni mo wà nínú ipele owó oṣù. Físà ọlọ́dún mẹ́ta tí mo bá wá ti parí, wọ́n sì ti ṣe tuntun fún mi ní oṣù keje ọdún 2025.

Ọmọ méjì la bí. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì. Ilé ìkẹ́rùsí ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ìyá ọkọ mi ló ń bá wa mójú tó àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà tí wọ́n fún wọn ti pé, wọ́n ti padà sílé. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti le. Bí mo bá fi máa ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ọkọ mi ti jáde, ẹ̀gbọ́n ti wà ní iléèwé, àbúrò sì wà lọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan tó ń retí kí n wá gbà á kí òun náà lè lọ síbi iṣẹ́. Èmi àti ọmọ la jọ máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oorun kò sí níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń wakọ̀ bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́, iná pupa dá mi dúró, mo sì sùn lọ. Fèrè ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ló jí mi. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí wọ́n jẹ́ kí n máa ṣe long day méjì péré lọ́sẹ̀. Máníjà mi kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ a ò pọ̀ tó ní wọ́ọ̀dù wa, ojoojúmọ́ ló ń wá ẹni tí yóò dí àlàfo. Ṣé kò ní kà mí sí ọ̀lẹ? Ṣé wọn ò ní fi ọ̀rọ̀ físà halẹ̀ mọ́ mi? Àwọn tá a jọ wá láti Nàìjíríà, ṣe ni wọ́n ń fi ṣíìfù bank, àfikún iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kún tiwọn, n kò rí ẹni tó ń dín in kù nínú wọn. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni kí n ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀?

Abiyamọ, Manchester

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú làálàá, o sì kú ewu. Ọ̀rọ̀ iná pupa yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ. Má wakọ̀ padà sílé lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ mọ́. Wọ bọ́ọ̀sì, tàbí kí o béèrè ibi tí òṣìṣẹ́ ti lè sinmi nílé ìwòsàn yín, kí o sùn díẹ̀ kí o tó gbéra. Kí o sì sọ fún ọkọ rẹ lálẹ́ òní. Ètò tí a fẹ́ ṣe yìí kò lè dúró láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò sì lè dá sí ohun tí kò mọ̀.

O ní ṣé wọn ò ní kà ọ́ sí ọ̀lẹ. Nínú ìlànà ìwà tí NMC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fi lélẹ̀ fún gbogbo nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí, ìlà 20.9 ní kí nọ́ọ̀sì máa tọ́jú ìlera ara rẹ̀ dé ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Wo ara rẹ ní aago márùn-ún ìdájí, tí ojú rẹ ń pa dé, tí o ń fa ínsúlíìnì tí o fẹ́ gún fún àgbàlagbà tí kò lè bi ọ́ pé mélòó lo fà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ la ẹnu. Iṣẹ́ rẹ lò ń ṣe bí o bá sọ ọ́.

Wàyí o, long day méjì lọ́sẹ̀ tí o ń fẹ́ kò lè ṣeé ṣe níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì wà lórí físà yìí. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó sàn kí o gbọ́ ọ báyìí ju kí o gbọ́ ọ lẹ́yìn tí o bá ti buwọ́ lùwé. Físà Health and Care Worker ní iye kan tí owó ọdún ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kọjá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ti gbé e sí £25,000, lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n sì ṣe tìrẹ. Iye tí NHS ń san fún ipò rẹ ṣeé pín mọ́ wákàtí tí o bá ṣe, ṣùgbọ́n £25,000 yìí kò ṣeé pín. Wákàtí yòówù kí o máa ṣe lọ́sẹ̀, owó rẹ gbọ́dọ̀ kàn án.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú owó oṣù 2025/26 nílẹ̀ England, £31,049 ni nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Band 5 gbà lọ́dún. £33,487 ni ẹni tó ti lo ọdún méjì níbẹ̀, bí ìwọ, gbà. Wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san iye yẹn fún. Long day kan sábà máa ń jẹ́ wákàtí 11.5 lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ àkókò ìsinmi kúrò, méjì á jẹ́ 23. Lórí iye yẹn, owó rẹ á já sí nǹkan bíi £20,500, kò dé ìlà. Ṣùgbọ́n bí o bá gbà láti máa ṣe wákàtí 30, £26,790 ni wọ́n á máa san fún ọ, ó sì kọjá ìlà dáadáa. Wákàtí 30 yìí ni kí o lọ béèrè. Bí ọ̀rẹ́ rẹ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Band 5 bá gbọ́ tó ní òun náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, tètè dá a dúró: lórí owó 2025/26, tirẹ̀ ní wákàtí 30 jẹ́ £24,839, físà tuntun kò sì gba ìyẹn láyè.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í mọ̀. Àfikún owó alẹ́, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ti ọjọ́ Àìkú, àti owó ṣíìfù bank, Home Office kì í ka ọ̀kankan mọ́ iye yìí. Owó ìpìlẹ̀ tó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé “dín in kù sí méjì, o ó fi bank dí i” ń ti ọ́ sí kòtò láìmọ̀.

Nítorí náà, kí o tó bá máníjà sọ ohunkóhun, kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń mójú tó físà ní HR. Bi wọ́n bóyá físà rẹ kò ní yẹ̀ bí o bá bọ́ sí wákàtí 30, kí wọ́n sì fi ìwé dá ọ lóhùn. Má rò pé ò ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí owó oṣù ẹni tí wọ́n gbà wọlé bá dín sí ti inú CoS, ìwé onígbọ̀wọ́ tí wọ́n fi gba físà fún un, dandan ni kí wọ́n jẹ́ kí Home Office gbọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Iṣẹ́ wọn ni. Ní ti ìhàlẹ̀ tí o ń bẹ̀rù, òfin ilẹ̀ yìí kò gbà kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ kúrò tàbí kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ torí pé ó béèrè fún àyípadà wákàtí.

Ọ̀rọ̀ owó kò burú tó bí ó ṣe ń rí lọ́kàn. Lójú ìwé, £558 ni yóò kúrò nínú owó ìpìlẹ̀ rẹ lóṣù. Ṣùgbọ́n apá tí wọ́n ń yọ owó orí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àti National Insurance ìdá 8 lára rẹ̀ ló ń kúrò yẹn. Bí o bá wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì, èyí tí ò ń dá níbẹ̀ náà á wálẹ̀, torí pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, owó tí èèyàn ń gbà gan-an ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Àdánù tó máa dé ọwọ́ rẹ lè má tó £400 lóṣù. Owó ìfẹ̀yìntì tí ò ń kó jọ lọ́dún á dín díẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ọdún rẹ náà á dín bákan náà. Ìforúkọsílẹ̀ rẹ lọ́dọ̀ NMC kò séwu fún un: wákàtí 450 láàárín ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wákàtí 30 máa fi pé e.

Ó wá kan máníjà. Mo ti jókòó nídìí rota, ètò tí wọ́n fi ń pín ṣíìfù, fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹni tó ń ṣe é. Bí nọ́ọ̀sì kan bá wọlé tó ní “ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ dín in kù,” àánú rẹ̀ á ṣe máníjà. Lẹ́yìn ìyẹn, kíá, ọkàn rẹ̀ á lọ sórí rota: alẹ́ ọjọ́ wo ló máa ṣófo? Ta ni mo fẹ́ bẹ̀? Bí ìwọ kò bá fún un lésì, ìbẹ̀rù á bá a dáhùn, èsì ìbẹ̀rù sì ni “kò ṣeé ṣe.” Èsì yẹn ni kí o gbé lọ́wọ́ wọlé.

Lónìí, ò ń ṣe ṣíìfù gígùn 13 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Pẹ̀lú wákàtí 30 lọ́sẹ̀, á di mẹ́wàá, wákàtí márùn-ún á sì ṣẹ́kù tí ẹ lè fi ṣe ṣíìfù kúkúrú tàbí ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ò ń gbà kúrò lọ́wọ́ máníjà kò tilẹ̀ pé ṣíìfù mẹ́ta lóṣù. Wo rota àwọn oṣù tó kọjá kí o rí ṣíìfù tó máa ń ṣòro jù láti rí ẹni ṣe. Ní wọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù, òpin ọ̀sẹ̀ ni. Òpin ọ̀sẹ̀ kan náà yìí sì ni ọkọ rẹ máa ń wà nílé.

Bí èmi ni ìwọ, mẹ́rin nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni màá fi sí òpin ọ̀sẹ̀, Àbámẹ́ta méjì, Àìkú méjì. Mẹ́fà tó kù, màá fi wọ́n sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan, kí nọ́sìrì lè mọ ọjọ́ tí ọmọ ń bọ̀. Bí máníjà bá ní dandan ni kí o fọwọ́ kan iṣẹ́ alẹ́, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ti Àbámẹ́ta ni kí o mú, ní títẹ̀léra: bí o bá dé láàárọ̀, bàbá wọn wà nílé, ìwọ á ti ilẹ̀kùn, wàá sùn. Owó náà sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú ní àfikún ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún Band rẹ, ti Àbámẹ́ta àti ti alẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ jẹ́ ìdá 30. Long day Àìkú kan ṣoṣo á fi nǹkan bíi £118 lé owó rẹ kí wọ́n tó yọ owó orí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì á wá sí ọ lọ́kàn. Àìkú méjì ṣì kù lóṣù, bóyá ìyẹn ni wàá lè lọ láìtòògbé.

Má ṣe bá a sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, má sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń gbéṣẹ́ fún ara yín, má sì sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè pé ara òun kò yá. Fi íméèlì béèrè fún ààbọ̀ wákàtí. Bí o bá jókòó, ohun tí ó yẹ kí o sọ kò gùn: “Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè. Mo fẹ́ràn wọ́ọ̀dù yìí, mo sì fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí ti ń wu mí léwu, mo sùn lọ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ kan. Mo fẹ́ bọ́ sí wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Àwọn ṣíìfù tí mo lè ṣe rèé, mẹ́rin nínú wọn bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. HR ti sọ pé físà mi kò ní ìṣòro. Kí lẹ rí sí i?”

Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣubú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í bá wa lára mu níwájú ọ̀gá, bí ọ̀gá bá ń ronú, àwa á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní “ẹ má bínú o, tí kò bá ṣeé ṣe, kò burú.” A ti gba ọ̀rọ̀ wa padà kó tó dáhùn. Ilé ni wọ́n ti kọ́ wa láti máa bu ọlá fún àgbà, mi ò ní kí o sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n máníjà tí gbogbo èèyàn ń fi orúkọ pè ní wọ́ọ̀dù kò retí kí o kúnlẹ̀. Ètò iṣẹ́ ni ẹ jọ ń jíròrò.

Ní ọjọ́ yẹn gan-an, fi ìwé ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í jẹ́ kí òfin bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Kọ déètì sí i. Kọ ọ́ gbangba pé ìbéèrè fún flexible working lábẹ́ òfin ni. Kọ àyípadà tí o ń fẹ́ àti ọjọ́ tí o fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Kọ bóyá o ti béèrè rí tàbí o kò béèrè rí. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù 12, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ parí ọ̀rọ̀ náà láàárín oṣù méjì àfi tí ẹ bá jọ fi kún un. Ìwé ìlànà NHS tiyín, ní apá 33, ti fún yín ní ẹ̀tọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, kò sì fi òǹkà sí iye ìgbà tí ẹ lè béèrè.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò. Bí wọ́n bá gbà fún ọ tí ẹ kò sọ nǹkan mìíràn, ìwé àdéhùn rẹ ti yí padà títí lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọ iléèwé tí o sì fẹ́ padà sí wákàtí 37.5, kò sí dandan pé kí wọ́n gbà ọ́. Nítorí náà, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé o fẹ́ kó jẹ́ ti ọdún kan, pẹ̀lú ìjíròrò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó máa ń rọ máníjà náà lọ́rùn, torí ẹni tó ń gbà fún ọdún kan kò ronú tó ẹni tó ń gbà títí ayé.

Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Wọn kò lè kọ̀ láìkọ́kọ́ bá ọ jókòó, ìdí tí wọ́n bá sì mú wá gbọ́dọ̀ wà lára mẹ́jọ tí òfin kà sílẹ̀: àfikún ìnáwó, àìlè pín iṣẹ́ fáwọn tó kù, àìrí ẹni gbà síṣẹ́, ìpalára fún ìtọ́jú, àti àwọn bẹ́ẹ̀. “Tí mo bá ṣe é fún ọ, gbogbo èèyàn ni yóò fẹ́” kò sí lára wọn. Apá 33 kan náà tún ní kí ọ̀rọ̀ máà kú sọ́wọ́ máníjà kan ṣoṣo. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sókè, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́ọ̀dù mìíràn tàbí kílíníìkì kan lè gbà ọ́. O sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí o kò bá tíì wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, RCN tàbí UNISON, wọ ọ̀kan báyìí kí ìjà tó dé, torí wọn kì í fẹ́ gba ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ kí èèyàn tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọdún 2021, nínú ẹjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Gemma Dobson pe àwọn tó gbà á síṣẹ́ ní North Cumbria, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sọ ọ́ pé ẹrù ìtọ́jú ọmọ ń wúwo lórí obìnrin ju ọkùnrin lọ, àti pé ó yẹ kí àwọn onídàájọ́ máa ro ìyẹn mọ́ ọn. Aṣojú ẹgbẹ́ rẹ á mọ bó ṣe máa lò ó. Mi ò rò pé tìrẹ á débẹ̀.

Àwọn tó ń fi bank kún tiwọn, fi wọ́n sílẹ̀. O kò mọ ohun tó ń jí wọn lóru. Ìwọ ṣáà ti pinnu pé fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ o kò ní gba ṣíìfù bank kankan, bí wọ́n tilẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Bí o bá fi bank dí ọjọ́ tí o gbà sílẹ̀, o ti fi àdéhùn tó dára ra àárẹ̀ kan náà padà.

Fún àwọn ará Ìbàdàn, kí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ pè wọ́n lórí fóònù kí owó oṣù tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dárúkọ iye tí yóò máa wá àti oṣù tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Kó jẹ́ ọkọ rẹ ni yóò bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n gbé lọ́dọ̀ yín fún oṣù mẹ́fà, wọ́n rí bí o ṣe ń wọlé láàárọ̀. Ó lè yé wọn ju bí o ṣe rò lọ.